Baṣọ̀run Gáà: Ẹjọ́ Tí A Kò Gbọ́

Ní nǹkan bí ọdún 1754 ni Gáà di Baṣọ̀run Ọ̀yọ́ Ilé. Àwa tí a dàgbà ní òkè Ọya, nínú ìkìlọ̀ àwọn òbí ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọba márùn-ún ló fi jẹ, ó pa mẹ́rin. 130 ọjọ́ péré ni Awọ́nbíojú lò lórí oyè. Gáà kó àwọn ọmọ rẹ̀ sí ìlú kiri, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ó tọ́ sí Aláàfin.

Ní 1774, Aláàfin Abíọ́dún àti Ọyábí, Kakaǹfò tó wà ní Àjàṣẹ́, gbógun tì í. Ara rẹ̀ ti rọ nígbà náà. Wọ́n mú un láàyè, wọ́n sì dáná sun ún.

Ikú tọ́ sí i, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀? Ó yẹ kí wọ́n gbé e síwájú ìgbìmọ̀, kí ìdílé àwọn tí ó pa rojọ́, kí ó sì fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Dípò èyí, wọ́n pa àwọn ọmọ rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́, wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí ó ṣe. Òjó, ọ̀kan nínú wọn, sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Lẹ́yìn ikú Aláàfin Aólẹ̀, ó kó ogun padà wá gba oyè bàbá rẹ̀. Ó pa ọ̀pọ̀ ìjòyè Ọ̀yọ́ kí Àfọ̀njá tó ṣẹ́gun rẹ̀.