Tìmì Láoyè àti Ohùn Inú Ìlù

Ọdún 1946 ni John Adétóyèṣe Láoyè gorí oyè Tìmì Ẹdẹ. Àwọn àyàn ni í lùlù fún ọba. Ọba yìí fúnra rẹ̀ a máa gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, a sì mú kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́. Ní 1959, àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí àwọn ìlù Yorùbá jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù.

Ohun tó mú kí ìmọ̀ rẹ̀ kan onímọ̀ fonọ́lọ́jì ni pé dùndún kì í pe kọ́ńsónáńtì, kì í sì í pe fáwẹ̀lì. Bí onílù bá fún ọsán ìlù mọ́ra, ohùn òkè ló ń fọ̀. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Nítorí náà, ìgbà àti igbá yàtọ̀ gédégbé lójú ìlù, ṣùgbọ́n igbá, ilé, owó àti ọkọ́ kò yàtọ̀ rárá; ohùn àárín àti òkè ni gbogbo wọn. Èyí ló fà á tí onílù fi ń na ọ̀rọ̀ gùn, tí ó sì ń lo oríkì àti òwe tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fo àmì ohùn nínú àkọsílẹ̀ kò mọ̀ pé ohun pàtàkì tí ìlù rí mú ni òun gbé sọnù yẹn.

Ọba Láoyè wàjà ní 1975.