Àjàyí Crowther àti Àmì Abẹ́ Lẹ́tà

Bí o bá gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ìwó, wàá kan Ìyànà Ọ̀fà. Wo orúkọ ìlú náà bí a ti kọ ọ́ síhìn-ín. Ǹjẹ́ o rí àmì kékeré tí ó wà lábẹ́ ọ? Bí kò bá sí irú àmì bẹ́ẹ̀, ọkọ ìyàwó yóò di oko tí bàbá ń ro. Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn tí ó bá wa ṣètò àmì yìí.

Òṣoògùn, nítòsí Ìṣẹ́yìn, ni wọ́n ti bí Àjàyí. Ní 1821, ogun kó o lẹ́rú nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ní Èkó. Ní 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sierra Leone, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé.

Ní Sàró, ará Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Ìjẹ̀ṣà wà pọ̀. Bí etí oníkálukú bá ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ni ó ń kọ ọ́. Nítorí náà, ohun tí ẹnì kan kọ lè rú ẹlòmíràn lójú. Ní 1843, Àjàyí di àlùfáà. Ọdún náà ni ìwé rẹ̀ lórí gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1846, ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún 25.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Lepsius, ará Jámánì, dá a lábàá pé kí oríṣiríṣi èdè máa lo lẹ́tà kan náà. Àwọn ìjọ tí ó rán Àjàyí níṣẹ́ gba àbá náà. Síbẹ̀, àríyànjiyàn kò tán. Ní 1875, wọ́n ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà ní Èkó. Àjàyí, tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù láti 1864, ni alága. Wọ́n fẹnu kò sí ọ̀nà kan tí a ó máa gbà kọ Yorùbá. Àjàyí kú ní Èkó ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 1891.

Iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ní orílẹ̀-èdè Benin tí ó múlé gbè wá, ɛ àti ɔ ni àwọn Yorùbá ń kọ níbi tí àwa ń kọ ẹ àti ọ. Àwọn awakọ̀ òfurufú Nàìjíríà àti ti Benin ń ka àmì kan náà lórí máàpù, nítorí pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò lé e lórí. Ó yẹ kí àwa ọmọ èdè kan náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní tìrẹ, má ṣe gbàgbé àmì abẹ́ lẹ́tà nígbà tí o bá ń kọ̀wé.

Ìbéèrè
1. Níbo ni Àjàyí ti kọ́ ìwé?
2. Kí ni wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875?
3. Kọ ọ̀rọ̀ méjì tí àmì abẹ́ lẹ́tà yà sọ́tọ̀.