Carter G. Woodson: Olùkọ́ Tí Ó Mú Ìtàn Àwọn Adúláwọ̀ Wọ Kíláàsì

Ìfáàrà

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ lọ sóde. Òwe yìí bá iṣẹ́ olùkọ́ mu púpọ̀, nítorí pé kò sí ọmọ tí ó ń wọ kíláàsì lọ́wọ́ òfo. Kí ọmọ tó mọ lẹ́tà kọ, ó ti mọ èdè, orin àti ìtàn ilé rẹ̀. Bí olùkọ́ bá ka nǹkan wọ̀nyí sí, ẹ̀kọ́ yóò tètè yé ọmọ náà. Bí ó bá tì wọ́n sẹ́yìn, ọmọ náà yóò máa jókòó bí àlejò nínú kíláàsì tí ó yẹ kí ó jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ayé wọn jà nítorí òtítọ́ yìí ni Carter Godwin Woodson, ọmọ adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

A bí Woodson ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, ọdún 1875, ní New Canton ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ọdún 10 péré ni ó ti kọjá tí Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà parí, tí a sì dá àwọn ẹrú sílẹ̀. James, bàbá rẹ̀, àti Anne Eliza, ìyá rẹ̀, ti jẹ́ ẹrú rí. Bàbá náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ iyì ara rẹ̀, ó sì kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi ara wọn wọ́lẹ̀. Àwọn arákùnrin ìyá rẹ̀ méjì ni olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí ó lọ, àmọ́ iṣẹ́ oko kì í jẹ́ kí ó lè lọ déédéé.

Nígbà tí ó di ọ̀dọ́, ó lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa èédú ilẹ̀ ní West Virginia. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé Oliver Jones, awakùsà tí ó ti jagun nígbà Ogun Abẹ́lé. Jones kò lè kàwé, síbẹ̀ ó ń ra ìwé àti ìwé ìròyìn sílé, ilé rẹ̀ sì ni àwọn awakùsà adúláwọ̀ máa ń péjọ sí lẹ́yìn iṣẹ́. Woodson ni ó ń kà á sí wọn létí. Bí ó ti ń kà á ni àwọn àgbà náà ń sọ ohun tí ojú wọn ti rí. Láti ìgbà náà ni ó ti mọ̀ pé ẹni tí kò mọ̀wé lè jẹ́ ọ̀mọ̀ràn, àti pé ìtàn pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ìwé kò dárúkọ.

Ó ti ń sún mọ́ ọmọ ogún ọdún kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Douglass ní Huntington ní ọdún 1895. Ọdún méjì ni ó fi parí rẹ̀. Ní ọdún 1900, ó padà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó sì gboyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Berea ní ọdún 1903.

Ohun Tí Ó Rí ní Philippines

Ní ọdún 1898 ni erékùṣù Philippines bọ́ kúrò lọ́wọ́ Sípéènì sọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ìjọba tuntun náà kó ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ síbẹ̀. Woodson wà lára àwọn tí ó lọ ní ọdún 1903. San Isidro ni ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ó sì lo ohun tí ó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́ta ní ilẹ̀ náà. Ó kọ́ èdè Sípéènì kí ó lè bá àwọn ènìyàn ibẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó ròyìn ohun tí ó rí níbẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ The Mis-Education of the Negro, tí ó jáde ní ọdún 1933. Àwọn olùkọ́ tí ó gboyè ní àwọn yunifásítì ńlá kò rí àwọn ọmọ náà kọ́, nítorí pé ìwé tí a kọ fún ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé síwájú wọn. Ọkùnrin kan tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ adójútòfò tẹ́lẹ̀, tí kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rí, ni ó wá ṣe àṣeyọrí. Ó kó àwọn nǹkan tí ó wà láyìíká àwọn ọmọ wọ inú kíláàsì. Bí ẹ̀kọ́ bá dá lórí ejò, yóò mú ejò wá. Bí ó bá dá lórí ọ̀nì, yóò mú ọ̀nì wá. Kò fi orin igi ápù kọ́ wọn, nítorí pé wọn kò rí igi ápù rí. Igi lomboy, tí àwọn ọmọ náà máa ń mì kí èso rẹ̀ lè já bọ́, ni ó fi sínú orin náà. Dípò ìtàn George Washington, ìtàn José Rizal, akọni tí ó kú nítorí òmìnira ilẹ̀ wọn, ni ó kọ́ wọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ìwé àjòjì náà tì, wọ́n sì ṣe tuntun tí ó bá ìgbé ayé àwọn ọmọ náà mu.

Iṣẹ́ Rẹ̀ fún Àwọn Olùkọ́

Nígbà tí Woodson padà sí Amẹ́ríkà, ó rí i pé bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Philippines ti rí gan-an ni ti àwọn ọmọ adúláwọ̀ nílé. Ìwé tí wọ́n ń kà kò sọ ohun rere kan nípa àwọn baba ńlá wọn. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard ní ọdún 1912. Òun ni adúláwọ̀ kejì tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn W. E. B. Du Bois. Ní ọdún 1915, òun àti àwọn mélòó kan dá ẹgbẹ́ tí yóò máa ṣe ìwádìí ìtàn adúláwọ̀ sílẹ̀ ní Chicago. Jọ́nà ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1916, ìwé rẹ̀ The Negro in Our History sì tẹ̀lé e ní ọdún 1922.

Ní oṣù Kejì ọdún 1926, ó dá Ọ̀sẹ̀ Ìtàn Adúláwọ̀ sílẹ̀. Ó yan àkókò náà nítorí pé inú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń ṣe ìrántí ọjọ́ ìbí Abraham Lincoln àti ti Frederick Douglass. Kì í ṣe ọdún eré lásán ni ó fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà jẹ́. Èrò rẹ̀ ni pé kí àwọn ọmọ fi hàn nínú rẹ̀ ohun tí wọ́n ti kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kò sì fẹ́ kí a ya ìtàn adúláwọ̀ sọ́tọ̀; ó fẹ́ kí ó gba àyè tí ó tọ́ sí i nínú ìtàn gbogbo ayé. Kí àwọn olùkọ́ má bàa rojọ́ àìrí ohun èlò, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pèsè àwòrán fún ara ògiri kíláàsì, eré oníṣe àti ìtàn kúkurú. Láti ọdún 1937, ó ń tẹ ìwé àtìgbàdégbà mìíràn jáde ní èdè tí ó rọrùn, fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́.

Iṣẹ́ yìí gba ohun púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbéyàwó, kò bímọ. Ilé rẹ̀ ní Washington ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn àjọ olówó dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ dúró ní àwọn ọdún 1930, owó táṣẹ́rẹ́ tí àwọn olùkọ́, ìjọ àti àwọn ènìyàn lásán ń dá ni ó gbé ẹgbẹ́ náà ró. Àwọn olùkọ́ náà fara wewu. Ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní àwọn ọdún náà, olùkọ́ obìnrin kan máa ń gbé ìwé Woodson lé itan, a sì máa kà á fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, nígbà tí ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí wà lórí tábìlì. Bí ọ̀gá bá yọjú, orí tábìlì ni yóò gbójú sí.

Ìgúnlẹ̀

Woodson kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, ọdún 1950, ní ẹni ọdún 74. Ní ọdún 1976, ọ̀sẹ̀ tí ó dá sílẹ̀ di odidi oṣù, Ààrẹ Gerald Ford sì kéde rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìgbésí ayé rẹ̀ fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ kò lọ́jú pọ̀. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ọmọ mọ̀ kí ó tó kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀. Kí ó pe àwọn àgbà àdúgbò wá sọ ìtàn, ì báà jẹ́ pé wọn kò mọ̀wé. Kí ó fi àgbálùmọ̀ kọ́ ọmọ tí kò mọ ápù ní ìṣirò. Bí ọmọ Ìgbò, Haúsá tàbí Ègùn bá sì wà láàárín àwọn ọmọ Yorùbá nínú kíláàsì rẹ̀, kí ó rí i pé àkọni tiwọn náà ní orúkọ nínú ẹ̀kọ́ náà. Kò dìgbà tí ìjọba bá kó ìwé tuntun wá kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ olùkọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ wà.