DAVID BEHNCKE, ẸNI TÍ Ó KÓ ÀWỌN ATUKỌ̀ ÒFURUFÚ AMẸ́RÍKÀ JỌ SÍNÚ ẸGBẸ́ KAN

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohun àjèjì sí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, tí ẹ mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo bá dúró níwájú ẹni tí ó gbà á síṣẹ́. Síbẹ̀, bí a bá ní àwọn atukọ̀ òfurufú pàápàá ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó máa ń ya púpọ̀ nínú wa lẹ́nu. A rò pé ẹni tí ń fò lókè àwọsánmà, tí wọ́n ń sanwó gidi fún, kò ní ohun tí ó lè pa á pọ̀ mọ́ ẹni tí ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn atukọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà fúnra wọn rò ó, àfi ìgbà tí David Behncke dé àárín wọn.

Ọdún 1897 ni a bí i, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ìdílé àgbẹ̀ ni ó sì ti wá. Iṣẹ́ oko kò wù ú. Ó fi ilé sílẹ̀ ní ọ̀dọ́, ó wọ iṣẹ́ ológun, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ ọkọ̀ òfurufú ní wíwà nígbà ogun àgbáyé kìíní. Nígbà tí ogun parí, ó ń fi ọkọ̀ dá àrà fún àwọn olùwòran ní agbègbè Chicago, ó sì ń gbé ẹni tí ó bá fẹ́ rí ayé láti òkè. Ní ọdún 1926 ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé lẹ́tà fún ilé iṣẹ́ Northwest. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ Boeing, èyí tí ó di United, ó sì ń gbé lẹ́tà láàárín Chicago àti Omaha.

Iṣẹ́ náà lówó lórí, ṣùgbọ́n ó ń pa ènìyàn. Lóru, nínú òjò àti yìnyín, nínú ọkọ̀ tí kò lórùlé, ni àwọn atukọ̀ ti ń fò. Ọ̀gá tí ó fẹ́ kí lẹ́tà dé lásìkò lè pàṣẹ pé kí wọ́n gbéra nígbà tí ẹyẹ pàápàá kò fò. Ẹni tí ó bá kọ̀, wọ́n lè lé e. Nígbà tí ọ̀dá owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1929 wá kárí Amẹ́ríkà, àwọn onílé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo owó oṣù àwọn atukọ̀ bí ohun tí ó yẹ kí a dín kù.

Ní oṣù Keje ọdún 1931 ni àwọn atukọ̀ bí i 24 láti oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ pàdé ní Chicago, tí wọ́n sì fi ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ lélẹ̀. Behncke ni wọ́n fi ṣe olórí. Ìbẹ̀rù lílé kúrò níṣẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń pe àwọn aṣojú wọn nínú ìwé dípò orúkọ. Ní ọdún náà ni ẹgbẹ́ yìí wọ inú àjọ ńlá àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà. Àwọn kan nínú àwọn atukọ̀ kò fẹ́ èyí rárá, wọ́n ní àwọn kì í ṣe lébìrà. Behncke kò gbà fún wọn, a sì rò pé ọgbọ́n ni ó lò. Ohun tí ó rí ni pé atukọ̀ kò ni ọkọ̀ tí ó ń wà, bẹ́ẹ̀ ni kò ni ọ̀nà tí ó ń fò. Ẹni tí ó ni ín lè tà á fún ilé iṣẹ́ mìíràn lónìí, kí atukọ̀ jí lọ́la kí ó má bá iṣẹ́ mọ́. Bí àwọn atukọ̀ ilé iṣẹ́ kan bá sì dá iṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ kejì yóò gbé àwọn èrò wọn lọ. Nítorí náà ẹgbẹ́ tí ó bá dúró sí inú ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, agbọ̀n ni, kò lè gba omi dúró.

Kò pẹ́ tí ìdánwò fi dé. Ọ̀gbẹ́ni E. L. Cord, olówó tí ń ṣe mọ́tò, dá ilé iṣẹ́ Century sílẹ̀ ní ọdún 1931. Ó fẹ́ gba iṣẹ́ gbígbé lẹ́tà ìjọba ní owó pọ́ọ́kú, owó àwọn atukọ̀ ni ó sì fẹ́ fi dí àlàfo náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1932 ó ní kí wọ́n gba 150 dọ́là lóṣù dípò 350. Àwọn 23 tí wọ́n kọ̀ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ níbi iṣẹ́, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n wọlé. Àwọn mìíràn gba ipò wọn kíákíá, nítorí atukọ̀ tí kò níṣẹ́ pọ̀ jaburata nígbà náà.

Ẹlòmíràn ì bá ti gbà pé ìjà ti parí. Ṣùgbọ́n Behncke mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ èrò ni Cord ń wo, ọ̀dọ̀ ìjọba ni. Ó gba ilé aṣòfin lọ. Fiorello La Guardia, aṣòfin láti New York tí òun náà ti wa ọkọ̀ ogun òfurufú rí, gba ọ̀rọ̀ náà rò níbẹ̀, ó sì tú àṣírí Cord fún gbogbo ayé. Century kò rí iṣẹ́ lẹ́tà gbà. Kí oṣù Kẹrin ọdún náà tó parí, Cord ti ta ọkọ̀ àti ọ̀nà rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tí ó ni American. Àwọn 23 borí, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá jà kò sí mọ́. Ìṣẹ́gun tí ó korò ni.

A gbà pé ibẹ̀ ni Behncke ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù lọ ní ayé rẹ̀: kí ìlànà má dúró lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́, kí ó máa tẹ̀ lé iṣẹ́ náà níbikíbi tí wọ́n bá gbé e lọ. Àǹfààní rẹ̀ dé ní ọdún 1933, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fẹ́ máa sanwó lórí wákàtí nìkan. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ohun tí ó fa èyí. Ọkọ̀ tuntun ń yára ju ti àtijọ́ lọ. Láàárín wákàtí kan ó ń gba ọ̀nà jíjìn, ó sì ń gbé èrò púpọ̀. Bí owó bá wà lórí wákàtí nìkan, gbogbo èrè eré yìí di ti onílé iṣẹ́. Behncke halẹ̀ pé gbogbo atukọ̀ ní Amẹ́ríkà yóò dá iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìgbìmọ̀ tí ń parí ìjà òṣìṣẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1934 ni ìdájọ́ jáde, ìdájọ́ kẹtàlélọ́gọ́rin. Ó ní kí a máa ka wákàtí, kí a máa ka ibùsọ̀, kí atukọ̀ kankan má sì fò ju wákàtí 85 lọ lóṣù. Òfin lẹ́tà ọdún náà ní dandan ni kí ilé iṣẹ́ tí ó bá ń gbé lẹ́tà tẹ̀ lé e. Òfin ọkọ̀ òfurufú ti ọdún 1938 sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ra ọ̀nà ra ìlànà mọ́ ọn.

Òun fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ewu iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1934, ọkọ̀ United tí ó ń wà já lulẹ̀ lẹ́bàá Chicago nígbà òtútù. Ó fara pa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kú. Ní ọdún 1939 ni ẹgbẹ́ náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn rẹ̀ àkọ́kọ́, pẹ̀lú American, ilé iṣẹ́ kan náà tí ó gba ọ̀nà Century.

Ẹ̀gàn kan wà tí a kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ yìí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò gba ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Ọkùnrin tí ó mọ̀ pé àìṣọ̀kan ni onílé iṣẹ́ fi ń jẹ atukọ̀ ní ìyà, òun náà ni ó jókòó lórí ẹgbẹ́ tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ adúláwọ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọdún 1963, ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà tó dá Marlon Green láre. Adúláwọ̀ ni Green, ó ti wa ọkọ̀ fún iléeṣẹ́ ológun òfurufú, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Continental kọ̀ láti gbà á. Ọdún 1965 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀.

Ìjà tí ó gùn jù ní ayé Behncke ni ti ilé iṣẹ́ National ní ọdún 1948. Àwọn atukọ̀ rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejì, ọ̀gá wọn sì gba àwọn mìíràn sípò wọn, ọkọ̀ ń fò. Nǹkan bí oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi wà lóde. Ohun tí ó yí ọ̀ràn náà padà ni pé ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń pín ọ̀nà òfurufú bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bóyá kí a fọ́ National sí wẹ́wẹ́, kí a pín ọ̀nà rẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ yòókù. Ọ̀gá tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ gbọ́ èyí. Ní oṣù Kọkànlá ó gba àwọn atukọ̀ rẹ̀ padà.

Ìgbìmọ̀ náà kò sí mọ́. Òfin ọdún 1978 gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kógbá sílé ní ìparí ọdún 1984. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń gbé ọ̀nà kúkúrú fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké, tí wọ́n ń fò lábẹ́ orúkọ àti ọ̀dà ilé iṣẹ́ ńlá, tí atukọ̀ wọn ń gba owó tí ó kéré sí ti ilé iṣẹ́ ńlá. Bí ọ̀kan bá béèrè owó, a lè gbé ọ̀nà rẹ̀ fún èkejì. Ní ọdún 2001 àwọn atukọ̀ Comair, tí ó jẹ́ ti Delta, dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 89, wọ́n sì gba àfikún owó. Ní ọdún 2012 ni Delta ti Comair pa. Inú ẹgbẹ́ Behncke kan náà ni atukọ̀ Delta àti ti Comair wà.

Ìwà tí ó gbé Behncke ga ni ó ré e lulẹ̀. Kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Òun ni ó ní láti rí gbogbo ìwé, òun ni ó ní láti jókòó sí gbogbo ìpàdé. Ní ọdún 1931, nígbà tí ẹgbẹ́ kéré, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kó wọn jọ. Ogún ọdún lẹ́yìn náà àdéhùn ń pẹ́, àwọn atukọ̀ sì ń ráhùn. Ní ọdún 1951 ni wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi Clarence Sayen, atukọ̀ láti ilé iṣẹ́ Braniff, rọ́pò rẹ̀. Ó kọ̀ láti jáde, ó gbé ẹgbẹ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, kò sì rí i gbà padà. Ọdún 1953 ni ó kú, nígbà tí kò tí ì pé ọmọ ọgọ́ta ọdún.