Peng Pai: ọmọ onílẹ̀ tó lọ bá àgbẹ̀ lóko

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1896 ni wọ́n bí Peng Pai ní Haifeng, agbègbè kan létí òkun ní ìpínlẹ̀ Guangdong, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Inú ọlá ni wọ́n bí i sí. Àwọn ará ilé wọn kò tó 30, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé, ju 1500 lọ. Ilẹ̀ ìdílé Peng ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ro. Bí ìkórè ìrẹsì bá dé, wọ́n á ru ìṣákọ́lẹ̀ wá sí ilé ńlá náà, wọ́n á sì padà sí abúlé wọn pẹ̀lú ìwọ̀nba tó kù.

Ìṣákọ́lẹ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ju ìdajì àwọn àgbẹ̀ Haifeng lọ ni kò ní ilẹ̀ tiwọn. Ẹni tó bá gba ilẹ̀ ro yóò fún onílẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì ìkórè, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ ni yóò ra ajílẹ̀, òun ni yóò wá irúgbìn àti irinṣẹ́. Bí òjò bá kọ̀, tàbí bí omi bá gbé oko lọ, onílẹ̀ ṣì ń retí ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ á yá owó, èlé á gorí èlé. Ẹlòmíràn ta ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ láti san gbèsè, ẹlòmíràn ta ọmọ.

Ní ọdún 1917, Peng Pai lọ sí orílẹ̀-èdè Jàpáánì láti kàwé. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Waseda ní Tokyo, níbi tó ti kọ́ nípa òṣèlú àti ọrọ̀ ajé. Ní àkókò náà, àwọn ọ̀dọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa ìyípadà ńlá tó ṣẹlẹ̀ ní Rọ́ṣíà. Wọ́n ń bèèrè ìdí tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fi ń pebi, tí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ sì ń yó. Ìbéèrè yìí kan Peng Pai ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ó mọ ilé tí òun ti jáde wá.

Ó padà sí Haifeng ní ọdún 1921. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ilẹ̀ Ṣáínà sílẹ̀ ní Shanghai. Èrò ẹgbẹ́ náà ni pé kí ilẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn díẹ̀, kí ó di ti gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ńlá ni ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ gbójú lé. Àwọn ọ̀rẹ́ Peng Pai náà rò pé àgbẹ̀ fọ́n káàkiri jù, pé wọn kò mọ̀wé, pé wọn kò ṣeé kó jọ.

Wọ́n fi Peng Pai ṣe ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ ní Haifeng. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1922, ó kó àwọn ọmọ ilé-ìwé jáde pẹ̀lú àsíá pupa láti ṣe àjọ̀dún àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ọlọ́lá ìlú bínú, wọ́n sì yọ ọ́ nípò. Nígbà tó ro ọ̀rọ̀ náà wò, ó rí i pé kò sí òṣìṣẹ́ tàbí àgbẹ̀ kan tó jáde wá bá wọn yọ̀ ní ọjọ́ náà. Ó wá pinnu láti lọ bá àgbẹ̀ níbi tí wọ́n wà.

Àlejò ní ilẹ̀ baba rẹ̀

Ìrìn àkọ́kọ́ kò dára. Peng Pai wọ aṣọ funfun àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó dé fìlà òyìnbó, ó sì gba abúlé kan lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá pàdé rò pé agbowó-orí ni. Ó ṣàlàyé pé òun kò wá gbowó, pé ọ̀rẹ́ ni òun wá bá wọn ṣe. Àgbẹ̀ náà fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé àwọn kò yẹ ní ẹni tí ń bá irú rẹ̀ ṣọ̀rẹ́, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní abúlé kejì, ajá ló jáde pàdé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn wà ní títì, nítorí àwọn onílé ti lọ sí oko tàbí sí ọjà. Àlejò lójú, kò fi ríran: Peng Pai kò tilẹ̀ mọ wákàtí tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ baba rẹ̀ máa ń wà nílé.

Nílé, ìbínú ló pàdé rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ ba ilé jẹ́. Ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ó ti ya wèrè, débi pé àwọn kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ ti yá.

Kò padà lẹ́yìn. Ó bọ́ aṣọ funfun náà sílẹ̀, ó wọ aṣọ lásán. Ó lọ dúró níwájú tẹ́ńpìlì Longshan, ní oríta tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà kọjá lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń sinmi sí. Níbẹ̀ ló ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìṣákọ́lẹ̀, gbèsè àti èlé. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ènìyàn ń dúró gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ mélòó kan, tí Zhang Ma'an wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ yìí ni wọ́n kọ́ olùkọ́. Wọ́n ní kó sọ èdè tí àgbẹ̀ ń sọ, kó fi èdè ìwé sílẹ̀. Wọ́n ní kó má ṣe bú òrìṣà àwọn ènìyàn. Wọ́n ní kó máa lọ sí abúlé ní alẹ́, nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ọmọ abúlé kan sì máa mú un lọ. Peng Pai gbọ́ ìmọ̀ràn wọn. Ó gbé ẹ̀rọ giramafóònù dání, ó ń pa idán fún àwọn ọmọdé àti àgbà, lẹ́yìn náà ló máa ń sọ̀rọ̀. Abúlé tó ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn wá ń retí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́fà

Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1922, òun àti àwọn àgbẹ̀ márùn-ún dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, ó kó ìwé ilẹ̀ tó kàn án nínú ogún ìdílé jáde, ó sì jó wọn lójú àwọn àgbẹ̀ tó ń ro ilẹ̀ náà.

Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe lójoojúmọ́ ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn wọ̀ ọ́. Bí onílẹ̀ bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan nítorí kó lè fi owó kún ìṣákọ́lẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn kò gbọdọ̀ lọ gba ilẹ̀ náà ro. Bí òbí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, àwọn yòókù á dá owó díẹ̀díẹ̀ fún ìsìnkú. Ẹgbẹ́ ṣí ilé oògùn kan: ọmọ ẹgbẹ́ kì í san owó àyẹ̀wò níbẹ̀, ìdajì owó oògùn ló ń san. Wọ́n gba àkóso ọjà ọ̀dùnkún lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá, wọ́n sì ń fi owó ibẹ̀ gbọ́ bùkátà ilé oògùn náà. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, ẹgbẹ́ ló ń parí rẹ̀.

Wọ́n tún dá ilé-ìwé àgbẹ̀ sílẹ̀. Àgbẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilé-ìwé ìjọba ń náni lówó, pé ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kò kan oko. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ń kọ́ àgbẹ̀ láti ka ìṣirò, kí onílẹ̀ má baà rẹ́ wọn jẹ. Wọ́n ń kọ́ wọn láti kọ lẹ́tà, láti kọ orúkọ oúnjẹ àti irinṣẹ́ oko, àti láti máa bójú tó iṣẹ́ ẹgbẹ́ fúnra wọn. Ẹgbẹ́ gba ilẹ̀ kan fún ilé-ìwé, ó pèsè irúgbìn àti ajílẹ̀. Àwọn bàbá ọmọ ilé-ìwé ń ro ó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá san ìṣákọ́lẹ̀, èrè tó kù ni owó oṣù olùkọ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1923, oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn ìpàdé ènìyàn mẹ́fà yẹn, wọ́n dá ẹgbẹ́ àpapọ̀ Haifeng sílẹ̀. Agbo ilé 20.000 ló wà nínú rẹ̀, èyí tó tó ènìyàn 100.000. Peng Pai ni wọ́n yàn ní olórí.

Ìjì láti ojú òkun

Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ ọdún 1923, ìjì líle wá láti òkun. Ó wó ilé, ó sì ba ìrẹsì jẹ́ lóko. Ẹgbẹ́ pinnu pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣákọ́lẹ̀ ni kí àgbẹ̀ san lọ́dún náà. Àwọn onílẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé ẹgbẹ́. Wọ́n mú ènìyàn tó lé ní 20, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ náà. Peng Pai sá àsálà. Ó lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ Chen Jiongming, ọ̀gá ológun tó ń ṣàkóso agbègbè náà. Nígbà tó yá, wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò dìde mọ́ ní àkókò náà.

Ní ọdún 1924, Peng Pai wọ Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, ó sì lọ sí Guangzhou. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ náà àti ẹgbẹ́ Guomindang ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà náà. Ní oṣù keje, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń kó àgbẹ̀ jọ. Peng Pai ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1926, Mao Zedong, ẹni tó wá di olórí Ṣáínà lẹ́yìn náà, jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà. Ohun tí Peng Pai ti rí ní Haifeng wà lára ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Báyìí ni ẹgbẹ́ tó ti gbójú lé ìlú ńlá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú sí abúlé.

Iná àti ẹ̀jẹ̀

Ní oṣù kẹrin ọdún 1927, Chiang Kai-shek, olórí ogun Guomindang, kọjú ìjà sí àwọn kọ́múníìsì, ó sì pa wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀. Peng Pai wà lára àwọn tó gbé ohun ìjà ní Nanchang ní oṣù kẹjọ. Ní oṣù kọkànlá, òun àti àwọn àgbẹ̀ gba Haifeng àti Lufeng tó wà nítòsí, wọ́n sì gbé ìjọba ìgbìmọ̀ àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ kalẹ̀. Wọ́n jó ìwé ilẹ̀, wọ́n pín ilẹ̀ fún àwọn tó ń ro ó.

Ṣùgbọ́n ìjọba náà ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ púpọ̀. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ onílẹ̀ àti àwọn tí wọ́n pè ní ọ̀tá, àwọn kan láìsí ìgbẹ́jọ́ tó tọ́. Peng Pai kò dá ọwọ́ dúró. Òun náà wà lára àwọn tó ní kí wọ́n má ṣàánú. Ẹni tó ti fi giramafóònù àti idán fa àgbẹ̀ mọ́ra wá di ẹni tó ń fi idà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ogun ìjọba padà wá. Wọ́n sun abúlé, àwọn náà pa àìmọye àgbẹ̀. Wọ́n mú Cai Suping, ìyàwó Peng Pai, wọ́n sì pa á ní ọdún 1928.

Peng Pai sá lọ sí Shanghai, ó ń ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1929, ẹnìkan tó mọ àṣírí wọn tú u fún ìjọba, wọ́n sì mú un. Ní ọjọ́ 30, wọ́n yìnbọn pa á pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn. Kò tíì pé ọmọ ọdún 33.

Ó fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Peng Shilu, tí wọ́n bí ní ọdún 1925. Ìjọba ń wá ọmọ náà. Àwọn àgbẹ̀ gbé e pamọ́, láti ilé kan sí òmíràn, wọ́n ń pè é ní ọmọ tiwọn. Ó rí ẹ̀wọ̀n ní kékeré, ó sì yè é. Nígbà tó dàgbà, ó di onímọ̀ ẹ̀rọ, òun ló sì ṣáájú àwọn tó ṣe ọkọ̀ abẹ́ òkun àkọ́kọ́ tó ń lo agbára núkílíà ní Ṣáínà. Ó kú ní ọdún 2021. Títí tó fi dàgbà, kò gbàgbé àwọn ilé tálákà tó ti jẹ oúnjẹ wọn, ní àwọn abúlé tí ilẹ̀kùn wọn ti wà ní títì nígbà tí baba rẹ̀ kọ́kọ́ dé.