Rudolf Virchow: Oníṣègùn tó wá àrùn dé orísun rẹ̀

Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Rudolf Virchow, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, ọdún 1821, fi ayé rẹ̀ wá orísun àrùn.

Nígbà tó wà ní ilé ìwòsàn Charité ní Berlin, ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an ni ẹ̀jẹ̀ dídì tí wọ́n ń bá níbẹ̀ ti dì. Virchow yẹ òkú wò, ó fi ajá ṣe ìdánwò, ó sì fi hàn pé inú iṣan ẹsẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà sábà máa ń dì sí, kó tó já, kó gba inú ọkàn lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró.

Ní 1848, ìjọba Prussia rán an lọ sí Upper Silesia, níbi tí ibà typhus ti ń pa àwọn tálákà. Àbọ̀ tó jẹ́ kò dùn mọ́ ìjọba nínú: ó ní òṣì àti àìmọ̀wé ló fa àjàkálẹ̀ náà, ẹ̀kọ́ àti òmìnira sì ni oògùn rẹ̀. Ní 1849, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìṣèlú, ó sì kó lọ sí Würzburg.

Ó padà sí Berlin ní 1856, ó wọ ìgbìmọ̀ ìlú, ó sì jà kí wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà omi ìdọ̀tí sábẹ́ ilẹ̀.

Ọlọ́jọ́ dé ní ọjọ́ 5, oṣù kẹsàn-án, 1902, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 80. Lónìí, bí dókítà bá ní kí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún tètè dìde rìn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lẹ́sẹ̀, ọ̀nà tí Virchow là ló ń tọ̀.