John Snow: Dókítà tó wá òṣùwọ̀n sí oògùn akùnnilóorun

Tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún èèyàn wa, orúkọ dókítà tó máa là á la máa ń bèèrè. Ẹni tó máa fún un lóògùn oorun ńkọ́? A kì í sábà bèèrè ìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ onítọ̀hún ni èémí aláìsàn máa wà títí wọn yóò fi ṣe é tán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ John Snow lónìí. Àwọn kan nínú yín ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Òun ló tọpasẹ̀ àrùn onígbáméjì dé ìdí ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street, Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1854. Ṣùgbọ́n oògùn akùnnilóorun gan-an niṣẹ́ tó ń jẹun lórí ẹ̀.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ọdún 1813 ni wọ́n bí i ní ìlú York, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lébìrà ni bàbá ẹ̀, òun sì ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Newcastle. Lọ́dún 1836 ló kọrí sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ parí ẹ̀kọ́ ẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, ojú aláìsàn máa ń là sílẹ̀ ni wọ́n fi ń gé e lẹ́sẹ̀. Àwọn géńdé á dì í mú, dókítà á sì máa sáré. Àfi ìgbà tó di oṣù Kẹwàá, ọdún 1846, tí William Morton, dókítà eléyín kan ní Boston, lo ether níṣojú àwọn oníṣègùn. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti ń lò ó ní Lọ́ńdọ̀nù.

Inú gbogbo èèyàn dùn, àmọ́ àwọn kan ń sùn, àwọn kan ò sùn. Snow ló wádìí ìdí ẹ̀. Ó rí i pé bí ibi tí wọ́n ti ń lò ó bá ṣe gbóná tó ni afẹ́fẹ́ ether tí aláìsàn ń fà símú ṣe máa pọ̀ tó. Ló bá ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń gbé sínú omi kó má bàa gbóná jù tàbí tutù jù. Ó ń dán oògùn wò lára ẹranko, ó tún ń dán an wò lára ara ẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1847, James Simpson gbé chloroform jáde ní Edinburgh. Ìyẹn yára ju ether lọ, kò sì nílò ẹ̀rọ: wọ́n kàn ń ta á sáṣọ ni. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí Hannah Greener, ọmọ ọdún 15, fi kú nítòsí Newcastle. Èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fẹ́ yọ fún un o! Simpson ní omi àti bùràńdì tí wọ́n dà sí i lẹ́nu nígbà tí wọ́n fẹ́ jí i ló pa á. Snow ní rárá, chloroform ló wọ̀ ọ́ lára jù lẹ́ẹ̀kan náà, torí aṣọ ò ní òṣùwọ̀n.

Snow pín oorun náà sí ìpele márùn-ún. Ní ìpele kìíní, aláìsàn ṣì ń gbọ́ ohun tí à ń sọ, ìrora ẹ̀ ló ń dínkù. Ní ìkarùn-ún, èémí á fẹ́ẹ́ dáwọ́ dúró. Ẹni tí ò bá mọ ìpele tí aláìsàn wà, ẹ̀mí ló fi ń ṣeré yẹn.

Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹrin, ọdún 1853, Ọbabìnrin Victoria ránṣẹ́ pè é nígbà tó ń rọbí ọmọ ẹ̀ kẹjọ, Leopold. Snow ń kán chloroform díẹ̀díẹ̀ sórí aṣọ ìnujú fún ìṣẹ́jú 53. Ọbabìnrin ò sùn rárá, ìrora ẹ̀ ló fúyẹ́. Ó tún pè é lọ́dún 1857, nígbà tó fẹ́ bí Beatrice.

Ìwé lórí chloroform ni Snow ń kọ lọ́wọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlù ú. Ó kú lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹfà, ọdún 1858, lẹ́ni ọdún 45. Kò fẹ́yàwó títí tó fi lọ.

Lónìí, a ò lo chloroform mọ́. Oògùn wà tó ń múni tòògbé lásán, abẹ́rẹ́ wà tí wọ́n ń gún sí ẹ̀yìn aláboyún tí ojú ẹ̀ á ṣì là, èyí tó ń gbéni sùn fọnfọn náà wà. Ẹ̀rọ ń ka èémí àti bí ọkàn ṣe ń lù. Àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ ohun tẹ́ ẹ bá fi pamọ́. Torí náà, tó bá kàn yín, ẹ béèrè ẹni tó máa fún yín lóògùn oorun, kẹ́ ẹ sì bi í irú oògùn tó fẹ́ lò. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò fún un, títí kan àgbo, ọtí àti sìgá. Tí oògùn oorun bá ti ṣe yín tàbí ẹnì kan nínú ẹbí yín báṣubàṣu rí, ẹ má fi pa mọ́. Tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ má jẹun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ́ búrẹ́dì jẹ. Oúnjẹ tó bá gòkè wá nígbà tẹ́ ẹ ti sùn lè gba inú ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè pa èèyàn.